Ṣé Ìsẹ́yìn ṣì lè dé Ìlọrin? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí gíráàfù tí kókó rẹ̀ ń dín kù

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ sábà máa ń béèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gíráàfù ni àwọn kókó pẹ̀lú àwọn ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀. Kókó ni a ń pe node, ọ̀nà ni a ń pe edge. Ẹni tó bá ti lè lo for àti while nínú Python, tó sì mọ ohun tí líìsì jẹ́, lè bá wa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ni ìṣòro náà gan-an?

Wọ́n fún yín ní gíráàfù kan tó ní kókó n àti ọ̀nà m. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣẹ q ń wọlé tẹ̀ léra wọn. Oríṣi méjì ni àṣẹ ọ̀hún. Ọ̀kan ní kí ẹ yọ kókó x kúrò, pẹ̀lú gbogbo ọ̀nà tó kàn án. Èkejì ń béèrè pé, bí nǹkan ṣe rí lásìkò yìí, ṣé ẹni tó wà ní u ṣì lè rìn dé v? Kókó tí a bá ti yọ kì í padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú ṣe é, kó lè yé wa. Ìlú méje: Ìbàdàn (1), Ọ̀yọ́ (2), Ìsẹ́yìn (3), Ògbómọ̀ṣọ́ (4), Ìwó (5), Ẹjìgbò (6), Ìlọrin (7). Títì mẹ́sàn-án la máa lò: Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, Ìbàdàn sí Ìsẹ́yìn, Ìbàdàn sí Ìwó, Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ sí Ìwó, Ìwó sí Ẹjìgbò, Ẹjìgbò sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin. A mọ̀ pé títì mìíràn wà, pé Fìdítì àti Ìlọrà wà láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. A fò wọ́n kí àpẹẹrẹ má baà gùn ni. Bí a bá ní a yọ Ọ̀yọ́, ohun tí à ń sọ ni pé ọkọ̀ kankan kò lè gba inú Ọ̀yọ́ kọjá mọ́, kò sì lè wọ ibẹ̀.

Kí ló burú nínú ká máa wá ọ̀nà lákọ̀tun nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè?

Kò sóhun tó burú níbẹ̀ bí gíráàfù bá kéré. Fún ìlú méje, ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ láti u, ẹ máa sàmì sí àwọn aládùúgbò, àti aládùúgbò àwọn aládùúgbò, títí ẹ ó fi bá v tàbí títí ibi tí ẹ lè lọ yóò fi tán.

Ìṣòro wà nínú iye. Ká ní kókó jẹ́ 200,000, ọ̀nà jẹ́ 400,000, ìbéèrè náà sì jẹ́ 200,000. Ìrìn kan ṣoṣo lè kan gbogbo kókó àti gbogbo ọ̀nà, ìyẹn nǹkan bí ìgbésẹ̀ 600,000. Ẹ fi 200,000 sọ ọ́ di púpọ̀: ó di bílíọ̀nù 120. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìgbésẹ̀ mílíọ̀nù 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo 1,200 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ogún ìṣẹ́jú gbáko. Nínú ìdíje ètò kíkọ, ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ni wọ́n sábà máa ń fún ètò yín.

Kí wá ni ọgbọ́n rẹ̀?

Ẹ má dáhùn ohunkóhun títí ẹ ó fi ka gbogbo àṣẹ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Àṣẹ tó ní "yọ x" máa di "dá x padà" bí ẹ bá ń kà á láti ẹ̀yìn. Gbogbo gíráàfù tó ń tú ká lójú ẹni tó ń lọ síwájú, ńṣe ló ń dì pọ̀ lójú ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ibi tí ìrọ̀rùn wà nìyẹn, nítorí ìsopọ̀ kò nira bí ìtúká. Àwọn kókó tó lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn la ń pè ní agbo. Bí agbo méjì bá pàdé, ọ̀nà kan ṣoṣo láàárín wọn ti tó láti sọ wọ́n di ọ̀kan, ẹ kò sì ní láti wo inú wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà kan bá já, ẹ kò lè sọ bóyá agbo náà ti pín àfi tí ẹ bá wá ọ̀nà mìíràn kiri inú rẹ̀. Àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn mọ èyí dáadáa: abẹ́rẹ́ kan lè rán ọ̀já méjì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fa fọ́nrán kan yọ gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo aṣọ wò kó tó mọ̀ bóyá ó ti ya.

Báwo ni a ṣe ń mọ ẹni tó wà ní agbo kan náà?

Nípa union-find. Galler àti Fischer ló gbé e jáde ní 1964, òun náà ló sì ṣì dára jù fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ rò ó bí agbo ilé. Olúkúlùkù mọ baba rẹ̀, baba náà mọ baba tirẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ baálé tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni baba ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni méjì jẹ́ ará ilé kan náà, ẹ béèrè baálé oníkálukú wọn. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan náà, ilé kan ni wọ́n. Bí ilé méjì bá fẹ́ di ọ̀kan, baálé kan máa wà lábẹ́ ìkejì. Àwọn ọmọ ilé kò ní láti yí ohunkóhun padà.

Ohun méjì ló ń jẹ́ kó yá. Èkíní, baálé ilé tó kéré ni kó máa lọ sábẹ́ baálé ilé tó tóbi, kì í ṣe ìdàkejì. Èkejì, bí ẹ bá ti ń gòkè lọ bá baálé, ẹ máa gé ọ̀nà kúrú bí ẹ ṣe ń lọ, kí ẹni tó bá tún béèrè lọ́la má baà rìn jìnnà. Ní 1975 ni Tarjan fi hàn pé bí ẹ bá lo méjèèjì pọ̀, iye ìgbésẹ̀ ìbéèrè kan, tí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ débi pé kò lè ju 4 lọ fún iye kókó èyíkéyìí tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ lè kà á sí ìgbésẹ̀ mélòó kan ṣáá.

```
def wa_baale(x):
    while baba[x] != x:
        baba[x] = baba[baba[x]]
        x = baba[x]
    return x

def da_po(x, y):
    x = wa_baale(x)
    y = wa_baale(y)
    if x == y:
        return False
    if iye[x] < iye[y]:
        x, y = y, x
    baba[y] = x
    iye[x] += iye[y]
    return True
```

Ìlà kẹta ni ibi tí ọ̀nà ti ń kúrú: kókó kọ̀ọ̀kan tí x bá dé ń fi baba rẹ̀ sílẹ̀, ó ń di ọmọ baba-ńlá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, baba[x] jẹ́ x fún gbogbo kókó, iye[x] sì jẹ́ 1.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyókù ètò náà.

Kí àṣẹ kọ̀ọ̀kan wà nínú líìsì tó ń jẹ́ ase. ('Y', x) ni ìyọkúrò, ('B', u, v) ni ìbéèrè. Líìsì ona ní gbogbo ọ̀nà nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí (u, v). Líìsì aladugbo ń sọ àwọn tí kókó kọ̀ọ̀kan bá ṣe aládùúgbò, lọ́nà méjèèjì.

```
igba = [q] * (n + 1)
for i in range(q):
    a = ase[i]
    if a[0] == 'Y' and igba[a[1]] == q:
        igba[a[1]] = i

wa = [igba[x] == q for x in range(n + 1)]
for u, v in ona:
    if wa[u] and wa[v]:
        da_po(u, v)

idahun = [None] * q
for i in range(q - 1, -1, -1):
    a = ase[i]
    if a[0] == 'Y':
        x = a[1]
        if igba[x] != i:
            continue
        wa[x] = True
        for y in aladugbo[x]:
            if wa[y]:
                da_po(x, y)
    else:
        u, v = a[1], a[2]
        idahun[i] = wa[u] and wa[v] and wa_baale(u) == wa_baale(v)
```

Níkẹyìn, ẹ tẹ idahun jáde láti 0 lọ sí q − 1, kí ẹ sì fo àwọn tó jẹ́ None, torí àṣẹ ìyọkúrò ni wọ́n.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kò lè jẹ́ wíwò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú lúùpù tó kẹ́yìn yẹn, ẹ̀ẹ̀kan láti orí kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Fún ọ̀nà 400,000, ìyẹn jẹ́ 800,000 ìwòye, kì í ṣe bílíọ̀nù 120.

Ẹ fi ìlú méje yẹn ṣe é ká rí i.

Ká ní báyìí ni àṣẹ ṣe wọlé:

1. Ṣé Ìsẹ́yìn dé Ìlọrin?
2. Yọ Ọ̀yọ́.
3. Ṣé Ìsẹ́yìn dé Ìlọrin?
4. Yọ Ẹjìgbò.
5. Ṣé Ìsẹ́yìn dé Ìlọrin?
6. Ṣé Ìbàdàn dé Ìwó?
7. Yọ Ògbómọ̀ṣọ́.
8. Ṣé Ìlọrin dé Ìwó?

Nígbà tí gbogbo àṣẹ bá parí, Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn, Ìwó àti Ìlọrin ló kù. Títì méjì péré ni orí rẹ̀ méjèèjì ṣì wà: Ìbàdàn sí Ìsẹ́yìn, àti Ìbàdàn sí Ìwó. A dà wọ́n pọ̀. Agbo méjì ló wà nísinsìnyí: Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn àti Ìwó nínú ọ̀kan, Ìlọrin nìkan nínú ìkejì.

Àṣẹ 8: Ìlọrin kò dé Ìwó. Rárá.

Àṣẹ 7: ẹ dá Ògbómọ̀ṣọ́ padà. Aládùúgbò rẹ̀ mẹ́ta ni Ọ̀yọ́, Ẹjìgbò àti Ìlọrin. Ọ̀yọ́ àti Ẹjìgbò kò tíì sí, nítorí náà Ìlọrin nìkan la dà á pọ̀ mọ́. Ẹ má dààmú nípa ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yọ́. Ọjọ́ tí Ọ̀yọ́ bá padà ni a ó kàn án láti ọ̀hún.

Àṣẹ 6: Bẹ́ẹ̀ ni. Àṣẹ 5: Ìsẹ́yìn àti Ìlọrin ṣì wà lágbo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Rárá.

Àṣẹ 4: Ẹjìgbò padà. Ó so mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì tún so mọ́ Ìwó. Ó fi ara rẹ̀ ṣe afárá, agbo méjèèjì di ọ̀kan.

Àṣẹ 3: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń lọ láti Ìsẹ́yìn yóò gba Ìbàdàn, Ìwó, Ẹjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó dé Ìlọrin. Ó jìn, ṣùgbọ́n ètò wa kò béèrè iye wákàtí. Àṣẹ 2: Ọ̀yọ́ padà, ó dà pọ̀ mọ́ Ìbàdàn, àwọn mẹ́ta yòókù tó kàn án ti wà nínú agbo kan náà tẹ́lẹ̀, da_po á kàn dá False padà. Àṣẹ 1: Bẹ́ẹ̀ ni.

Tí ẹ bá tò wọ́n bó ṣe yẹ: Bẹ́ẹ̀ ni, Bẹ́ẹ̀ ni, Rárá, Bẹ́ẹ̀ ni, Rárá.

Ètò mi ń fún mi ní ìdáhùn tí kò tọ́. Níbo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Àwọn àṣìṣe tí a máa ń rí kò pọ̀, àwọn kan náà ló máa ń padà wá.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kókó tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní àṣẹ 3 àti àṣẹ 9 jọ ní kí ẹ yọ kókó 12. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn láìbìkítà yóò dá 12 padà ní àṣẹ 9, yóò sì máa dáhùn àṣẹ 4 sí 8 bí ẹni pé 12 ṣì wà, nígbà tó ti kú láti àṣẹ 3. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ igba sílẹ̀: ìyọkúrò àkọ́kọ́ nìkan ló ní ìtumọ̀, ìyókù ẹ fò ó.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé wọ́n béèrè nípa kókó tí a ti yọ. wa_baale kò mọ̀ pé kókó kò sí mọ́. Á kàn sọ pé òun ni baálé ara rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè bóyá 12 dé 12 lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́, ètò tí kò yẹ wa wò yóò ní "bẹ́ẹ̀ ni" torí baálé kan náà ni. Ẹ ka ìṣòro náà dáadáa kí ẹ tó pinnu ohun tí ìdáhùn yẹ kó jẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní kí ẹ kà á sí "rárá", àwọn kan sì ṣèlérí pé wọn kò ní béèrè rẹ̀ rárá.

Àwọn mìíràn ń kọ́ agbo àkọ́kọ́ pẹ̀lú gbogbo ọ̀nà dípò àwọn tí orí rẹ̀ méjèèjì wà títí dé òpin. Tí gbogbo ìdáhùn yín bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tún wo bóyá nọ́ńbà kókó bẹ̀rẹ̀ láti 0 tàbí 1, àti bóyá ẹ tẹ ìdáhùn jáde láti ẹ̀yìn síwájú. Kò yẹ kí a sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀.

Bí ètò bá kú lójijì láìsọ ìdí, tí ẹ sì kọ wa_baale gẹ́gẹ́ bí fọ́ńkṣàn tó ń pe ara rẹ̀, òun ni ẹ mú. Python kì í gbà ju nǹkan bí ìpè 1,000 lọ tí wọ́n wọnú ara wọn, àfi tí ẹ bá yí i padà. Bí ẹ kò bá sì fi ilé kékeré sábẹ́ ilé ńlá, ẹ̀ka kan lè gùn tó 200,000, C++ pàápàá lè ṣubú níbẹ̀. Èyí tó ń lo while lókè yìí kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè dá a lójú pé ètò mi tọ̀nà?

Ẹ kọ ètò kejì tó ń rìn kiri gíráàfù nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè, èyí tó lọ́ra yẹn. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá gíráàfù kékeré fúnra rẹ̀, kókó 2 sí 8, ọ̀nà 0 sí 12, àṣẹ 10, kí ìyọkúrò léraléra àti u tó jẹ́ v wà nínú rẹ̀. Ẹ sáré méjèèjì lórí rẹ̀ nígbà 10,000, kí ẹ dúró ní ibi àkọ́kọ́ tí wọn kò ti bára mu. Gíráàfù kékeré ni kó jẹ́ o. Gíráàfù ńlá tó bá yàtọ̀ kò ní ràn yín lọ́wọ́, torí ẹ kò ní lè fi bírò yà á sórí ìwé.

Mo fẹ́ mọ iye agbo tó kù, kì í ṣe ẹni tó dé ọ̀dọ̀ ẹni.

Ẹ fi nọ́ńbà kan pa á mọ́. Bí ẹ bá dá kókó kan padà, ẹ fi 1 kún un. Nígbàkígbà tí da_po bá dá True padà, ẹ yọ 1 kúrò. Nínú àpẹẹrẹ wa, ní òpin ó jẹ́ 2; Ògbómọ̀ṣọ́ padà, ó di 3, ó dà mọ́ Ìlọrin, ó di 2; Ẹjìgbò padà, ó di 3, ó dà mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìwó, ó di 1.

Agbo tó tóbi jù náà rọrùn, torí láti ẹ̀yìn, kò lè dín kù láéláé: ẹ kàn fi iye[x] tuntun wé èyí tó tóbi jù tí ẹ ti rí. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń lo ohun kan náà. Ní 2000, Albert, Jeong àti Barabási yọ kókó kúrò nínú oríṣiríṣi nẹ́tíwọ̀kì, nígbà mìíràn láìṣà wọ́n yàn, nígbà mìíràn láti orí kókó tí ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ jù, láti wo bí agbo ńlá yóò ṣe fọ́. Lọ́dún kan náà, Newman àti Ziff lo union-find, tí wọ́n ń fi kókó kún un lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kíákíá.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ń yọ, kì í ṣe kókó ńkọ́?

Ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dá ọ̀nà kan padà pẹ̀lú da_po kan ṣoṣo. Bí ọ̀nà méjì bá wà láàárín ìlú méjì kan náà, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, torí yíyọ ọ̀kan kò yọ ìkejì.

Ṣé ó ṣiṣẹ́ fún títì tí ọkọ̀ ń gbà lápá kan ṣoṣo?

Rárá. Agbo ilé ka ìbátan sí ohun tí ó lọ tó sì bọ̀. Bí mo bá lè dé ọ̀dọ̀ yín, tí ẹ kò sì lè dé ọ̀dọ̀ mi, union-find kò lè sọ ìyẹn.

Mo mọ ètò tí wọ́n máa fi yọ kókó, ṣùgbọ́n ìbéèrè ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbọ́dọ̀ dáhùn kí n tó rí èyí tó kàn.

Èyí dára, kò sì wọ́pọ̀ kí wọ́n kọ́ ọ. Ẹ kọ́ agbo láti ẹ̀yìn bí a ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má gé ọ̀nà kúrú nínú wa_baale. Nígbàkígbà tí baálé y bá lọ sábẹ́ x, ẹ kọ àkókò rẹ̀ sí igba_so[y], tí a kà láti ẹ̀yìn: 0 fún àwọn tó sopọ̀ ní òpin pátápátá, 1 fún kókó àkọ́kọ́ tó padà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n bá wá béèrè pé "lẹ́yìn tí iye kókó tí wọ́n ti yọ jẹ́ k, ṣé u dé v?", tí gbogbo ìyọkúrò sì jẹ́ K, àkókò yín ni r = K − k. Ẹ gòkè láti u lọ sọ́dọ̀ baba níwọ̀n ìgbà tí igba_so kókó tí ẹ wà kò bá ju r lọ; ibi tí ẹ bá dúró sí ni baálé u lásìkò náà. Ẹ ṣe bákan náà fún v. Ó tọ̀nà nítorí pé bí ẹ bá ṣe ń gòkè, àkókò kò lè kéré sí i: baálé kan kò lè lọ sábẹ́ ẹlòmíràn kí àwọn tirẹ̀ tó wá sábẹ́ rẹ̀. Bí ilé kékeré bá ń lọ sábẹ́ ilé ńlá, ìgbésẹ̀ láti kókó kan dé ọ̀dọ̀ baálé rẹ̀ kò ní ju 17 lọ fún kókó 200,000. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò pé u àti v wà láàyè lásìkò náà.

Kókó tí wọ́n yọ máa ń padà wá, wọ́n sì tún lè yọ ọ́.

Kíkà láti ẹ̀yìn nìkan kò tó mọ́, torí láti ẹ̀yìn náà, kókó ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ẹ bá mọ gbogbo àṣẹ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣì ní ọ̀nà. Ẹ kọ ìgbà tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wà láàyè sílẹ̀, láti àṣẹ báyìí dé àṣẹ báyìí. Ẹ pín àkókò sí méjì, kí ẹ tún pín ìdajì kọ̀ọ̀kan sí méjì, títí yóò fi ku àṣẹ kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sí àwọn apá tó bò pátápátá. Bí ẹ bá wọ apá kan, ẹ da ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ tú ohun tí ẹ dà pọ̀, èyí tó kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ tú.

Títú kò le: bí y bá ti lọ sábẹ́ x, ẹ yọ iye[y] kúrò nínú iye[x], kí ẹ dá baba[y] padà sí y. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi gígé ọ̀nà kúrú sílẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú. Bí ẹ bá gé e, àwọn ọmọ ilé á ti sá lọ bá baálé tuntun, ẹ kò sì ní mọ ẹni tó yẹ kó padà sílé.

Ẹ ṣọ́ra fún kókó tí aládùúgbò rẹ̀ pọ̀. Bí kókó kan bá ní ọ̀nà 200,000, tí wọ́n sì ń yọ ọ́, tí wọ́n ń dá a padà nígbà 100,000, iye ìgbà tí ẹ máa kọ sílẹ̀ á di bílíọ̀nù 20. Irú èyí ń fẹ́ kí ẹ ya kókó ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kókó kékeré, iṣẹ́ mìíràn pátápátá nìyẹn.

Bí n kò bá mọ ohunkóhun tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Àwọn tó ń ṣe ìdíje mọ bí wọ́n ṣe ń fipá mú yín síbẹ̀: wọ́n á fi ìdáhùn tó ṣáájú pa nọ́ńbà ìbéèrè tó kàn mọ́, ẹ kò sì ní lè ka àṣẹ 2 láìdáhùn àṣẹ 1.

Bí gíráàfù bá jẹ́ igi, tí kò ní àyíká kankan, ọgbọ́n kan wà tí Even àti Shiloach kọ ní 1981. Ẹ fún agbo kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí ọ̀nà kan bá já, ẹ rìn láti orí rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbésẹ̀ kan níhìn-ín, ìgbésẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Apá tó bá kọ́kọ́ tán ni ó kéré; òun ni ẹ fún ní nọ́ńbà tuntun. Nígbàkígbà tí kókó bá gba nọ́ńbà tuntun, agbo rẹ̀ ti dín kù dé ìdajì ó kéré tán, nítorí náà kò lè ṣẹlẹ̀ sí i ju ìgbà 17 lọ nínú 200,000. Yíyọ kókó kan jẹ́ yíyọ àwọn ọ̀nà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fún gíráàfù tó ní àyíká, Holm, de Lichtenberg àti Thorup fi ìlànà kan hàn ní 1998 tí ó ń gba O(log² n) fún ọ̀nà kan, ìyẹn iye ìgbésẹ̀ tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ bí n ṣe ń pọ̀, tí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ó gùn láti kọ, ó sì rọrùn láti ṣì kọ. Kí ẹ tó dáwọ́ lé e, ẹ tún ìṣòro náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá wọ́n jẹ́ kí ẹ ka gbogbo àṣẹ tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò kíyè sí i.

Ìbéèrè mi ni pé bí ìlú kan ṣoṣo bá dí lónìí, tó sì là lọ́la, ta ni kò ní lè dé ọ̀dọ̀ ta ni?

Èyí yàtọ̀, torí ìyọkúrò kan kò kan èkejì. Ẹ má lo union-find. Ẹ wá àwọn kókó tó jẹ́ pé bí a bá yọ ọ̀kan nínú wọn, gíráàfù á pín. Ìlànà tí Hopcroft àti Tarjan tẹ̀ jáde ní 1973 ń rí gbogbo wọn nínú ìrìn kan ṣoṣo, ní àkókò tó bá n + m mu. Nínú ìlú méje wa, ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Ẹ lè yọ Ìbàdàn, ẹ lè yọ Ọ̀yọ́, àwọn tó kù á ṣì rí ara wọn. Ṣùgbọ́n bí Ògbómọ̀ṣọ́ bá dí, Ìlọrin á dá wà, nítorí nínú àwòrán tí a yà, títì kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀.